Ajá tó ń gbọ́ ti mẹ́gáàdì nìkan: ẹ wá sọ ti ajá tẹ́ ẹ fojú ara yín rí

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin ará Iléṣà, ẹ dákun ẹ gbà mí. Mo ra akọ ọmọ ajá Jámánì ṣẹ́pádì kan lọ́dún tó kọjá, Rex lorúkọ ẹ̀, owó gidi ni mo fi rà á, mo gba abẹ́rẹ́ fún un, mo ṣe kéèjì fún un, oúnjẹ inú àpò ni mò ń rà fún un, síbẹ̀ mẹ́gáàdì wa nìkan ló ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Témi bá pè é, á kàn wò mí, á tún máa bá tiẹ̀ lọ. Mẹ́gáàdì á súfèé lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti dé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Bàbá mi wá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ajá ìbílẹ̀ táwọn ní lóko lọ́nà Òṣú nígbà táwọn wà ní kékeré, ẹnikẹ́ni ò rà á lówó, àmọ́ tí wọ́n bá ti ní kó má kúrò nídìí àpò kòkó, ibẹ̀ ni wọ́n máa padà bá a. Ṣé lóòótọ́ lajá ayé ìgbà yẹn sàn jù ni, àbí àwọn àgbà kàn ń bù mọ́ ọn fún wa? Ẹ má pàlọ́ fún mi o, ajá tẹ́ ẹ fojú rí ni kẹ́ ẹ sọ.

* * *

Àbúrò, Rex ń gbọ́ràn o. Olówó ẹ̀ ló ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, ìwọ kọ́ sì ni olówó ẹ̀. Ìwọ lo sanwó, mẹ́gáàdì ló ní ajá. Dá mi lóhùn: ta ló ń gbé oúnjẹ síwájú ẹ̀ láàárọ̀? Ta ló ń ṣí kéèjì fún un lálẹ́? Tí gbogbo ilé bá ti sùn, ta lòun àti ẹ̀ jọ ń yí ọgbà ká? Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé o máa ń jáde nílé kílẹ̀ tó mọ́ tán, tó o bá dé lálẹ́ o ti rẹ̀ ẹ́, wàá kí i láti inú mọ́tò, ó parí. Ajá ò mọ rìsíìtì. Ẹni tí wọ́n jọ ń jí jọ ń rìn ló mọ̀.

Ní ti bàbá ẹ, wọn ò purọ́. Wọ́n lè bu iyọ̀ díẹ̀ sí i, kò sí àgbà tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ ajá bẹ́ẹ̀ wà, mo rí i, mo sì mọ ọwọ́ tó kọ́ ọ. Ibi témi dúró sí nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, mo sì máa tún un sọ dáadáa kó tó parí: gbogbo ajá gidi tí mo lè rántí nílùú yìí, mi ò lè sọ̀rọ̀ ẹ̀ kí n má sọ ti ẹnì kan mọ́ ọn.

* * *

Ó dáa, ẹ lẹ́ ẹ fẹ́ ti ojú rí.

Ẹ̀yìn ọsibítù Wesley Guild níhìn-ín ni mo dàgbà sí. Bàbá ọdẹ kan wà lágboolé tó kángun sí tiwa, abo ajá pupa kan ló ní, àyà ẹ̀ funfun, etí òsì ẹ̀ ti ya níbi tí ọ̀yà ti gé e jẹ. Tanímọ̀la lorúkọ ẹ̀. Ẹ mọ̀ páwọn àgbà ò kì í ṣàdédé sọ ajá lórúkọ, ohun tí wọn ò bá lè sọ sójú aládùúgbò ni wọ́n fi ń sọ ọ́, kí wọ́n ṣáà máa pe ajá láàárọ̀ lálẹ́ kẹ́ni tọ́rọ̀ kàn máa gbọ́. Ta ni bàbá ń fi Tanímọ̀la bá wí, mi ò mọ̀, àwa ọmọdé ò sì láyà láti bèèrè.

Ọ̀sán ni mo máa ń lọ wò wọ́n. Bàbá á fọ́ àmàlà àná sínú abọ́ tánganran kan tétí ẹ̀ ti bó, á bu omi ọbẹ̀ lé e, á ju egungun ẹja sí i, á gbé e síwájú Tanímọ̀la, á wá kọjú síbòmíì, á máa fepo nu ìbọn ẹ̀. Kò ní sọ nǹkan kan. Ajá á jókòó. Itọ́ á máa ṣọ̀ lẹ́nu ẹ̀ bí okùn, ọ̀kan á já, òmíì á tún bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ iwájú ẹ̀ á tutù rinrin, àmọ́ tẹ́ ẹ bá wojú ẹ̀ kì í ṣe abọ́ ló ń wò, bàbá ló tẹjú mọ́, etí tó ya àti èyí tí ò ya, méjèèjì ló dojú kọ bàbá. Ìgbà tó bá wu bàbá ló máa ta ìka pàá, kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú, abọ́ ti mọ́ fóò.

Àwa ọmọdé dán an wò títí. A mú orí ẹja ṣàwá, a mú egungun adìẹ Kérésì, a jù ú síwájú ẹ̀ nígbà tí bàbá ò sí nítòsí. Á nà imú sí i, á wo ẹnu ọ̀nà bàbá, á dìde, á lọ sùn síbòmíì. Inú wa máa ń bàjẹ́ nígbà yẹn, a rò pé kò fẹ́ràn wa ni. Àgbà ti dé báyìí, mo ti wá mọ̀ pé ohun tó ń gba ẹ̀mí ajá là nílùú yìí gan-an nìyẹn. Olè tó bá fẹ́ fò wọlé, ẹran tí wọ́n ti fi nǹkan sí ló máa kọ́kọ́ jù sínú ọgbà. Àwọn tó ń jí ajá gbé lọ fáwọn tó ń ta ẹran ẹ̀, oúnjẹ làwọn náà fi ń pè é. Ajá tó bá ń gba tọwọ́ gbogbo ayé kì í pẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ẹ jẹ́ kẹ́ni tí ò wọ ilé yín rí ju ẹran sí Rex láti ìta, kẹ́ ẹ wo ohun tó máa ṣe.

Tí wọ́n bá ń lọ sígbó, bàbá á so ṣaworo mọ́ ọn lọ́rùn kó lè máa gbọ́ ibi tó wà, tí wọ́n bá dé ibi tí ò fẹ́ ariwo, á ki ewé bọ̀ ọ́ kó má baà dún. Òwe tí gbogbo wa ń pa pájá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, ọmọ làwa fi ń bá wí, iṣẹ́ ni bàbá fi í ṣe. Látìgbà tájá ẹ̀ bá ti wà lọ́mọ ọwọ́, kò ní fun fèrè yẹn láìjẹ́ pé nǹkan jíjẹ wà lọ́wọ́ òun. Òkèlè lásán ni o, ẹran gbígbẹ tínńtín ni o, ó ṣáà gbọ́dọ̀ wà. Kò fi fèrè ṣeré rí, kò jẹ́ kọ́mọdé kankan fọwọ́ kàn án. Bí Tanímọ̀la ṣe dàgbà tó yẹn, tó bá wà lẹ́yìn ọgbà kòkó tí bàbá fun fèrè lẹ́ẹ̀kan, eré tó máa ń sá bọ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ kì í kanlẹ̀.

* * *

Ẹni tó sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi ní oògùn ni, pé kò sí ọdẹ tí kì í fi nǹkan sí oúnjẹ ajá ẹ̀. Ẹlòmíì náà ní irun àbíyá ni bàbá tòun máa ń gé sí i, kájá má baà fi í sílẹ̀.

Mi ò ní bá yín jiyàn pé ọdẹ ò lóògùn, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí, mo mọ ohun tí mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ dákun, tó bá jẹ́ oògùn nìkan ló ń ṣe é, kí ló ń jí bàbá nídàájí tóun àti ajá fi ń rìn lọ rìn bọ̀ kóòrùn tó yọ? Kí ló dé tó fi jẹ́ pé tó bá gba ọmọ ajá tuntun, kò ní jẹ́ kíyàwó ẹ̀ fún un lóúnjẹ títí tọ́mọ ajá yẹn á fi mọ ohùn ẹ̀? Irun àbíyá tẹ́ ẹ ń wí, imú lajá fi ń mọ èèyàn, òótọ́ ni, òórùn yín sì wà lára gbogbo òkèlè tẹ́ ẹ bá fọwọ́ ara yín gbé fún un. Ẹ fọwọ́ gbé e, irun ò pọn dandan.

* * *

Ọ̀rọ̀ ẹgba ló dá ìjà sílẹ̀ jù níbí, mo sì rí i pé ẹni tó pọ̀ jù ló wà lẹ́yìn pankẹ́rẹ́. Wọ́n ní ajá tí wọn ò bá nà ò lè gbọ́n, wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń tọ́mọ náà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an. Ajá ẹ já ṣéènì, ó bọ́ sí títì, o pè é pè é kò dáhùn, ó bá àwọn ajá àdúgbò ṣeré tẹ́rùn, ó wá rántí ilé, ó ń bọ̀, ó ń jùrù, o gbá a lọ́rùn mú o bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú. Lójú tìẹ, títì tó lọ lo nà án fún. Lójú tiẹ̀, ó wá bá ẹ, o nà án. Lọ́jọ́ míì tó o bá pè é, ìwọ náà wò ó, á dúró sọ́ọ̀ọ́kán, á máa wo ọwọ́ ẹ. Wàá wá sọ pé olórí kunkun ni.

Bàbá ọdẹ kì í ṣe ẹni jẹ́jẹ́ o, ẹ má rò pé mò ń sọ ọ́ di ańgẹ́lì. Tí Tanímọ̀la bá lé adìẹ ẹnikẹ́ni, ohùn kan ló máa jáde lẹ́nu bàbá, “Hẹ́ẹ̀!”, gbogbo agboolé á dákẹ́, ajá á fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ ìgbà tó ń sáré tẹ̀ lé adìẹ gan-an lohùn yẹn máa ń bá a, lẹ́nu iṣẹ́ ibi, kì í ṣe nígbà tó ti gbàgbé. Tó bá sì ti fi adìẹ sílẹ̀ tó yíjú padà, bàbá á fọwọ́ pa á lórí. Ó tán nìyẹn, kò ní dì í sínú títí di alẹ́.

* * *

Kúkúrú lèyí. Àwọn tó ní ajá òyìnbó ò gbọ́ Yorùbá, ẹ fi wá lọ́rùn sílẹ̀ jàre. Àwọn ará Jámánì ń fi èdè Jámánì pàṣẹ fún tiwọn, ajá wọn ń jókòó. Ohun tó ń da ajá láàmú nílé wa ni pé ìwọ á ní “come”, ìyàwó ẹ á ní “máa bọ̀”, àwọn ọmọ á ní “Rex, wá jẹun” nígbà tóúnjẹ ò sí lọ́wọ́ wọn, mẹ́gáàdì á súfèé. Nínú gbogbo ẹ̀, ìfé ni kì í yí padà. Ẹ fẹnu kò sórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún ohun kan, kí gbogbo ilé máa lò ó, kẹ́nikẹ́ni má sì pe ajá lásán.

* * *

Ẹnì kan fi ti ajá Jàpáánù yẹn sí i, Hachikō, ẹlòmíì wá já lu ọ̀rọ̀ pé irọ́ ni, oúnjẹ ló ń tẹ̀ lé.

Bó ṣe rí nìyí fẹ́ni tí ò bá mọ̀ ọ́n. Ọdún 1923 ni wọ́n bí i. Ueno tó ni ín, ọ̀jọ̀gbọ́n ni ní yunifásítì ní Tokyo, ibùdókọ̀ ojú irin Shibuya lajá ti máa ń lọ pàdé ẹ̀ tó bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Ọkùnrin yẹn kú ní May 1925, lẹ́nu iṣẹ́, kò padà wálé. Ajá ò yéé lọ síbẹ̀ títí tóun náà fi kú ní March 1935. Ó tiẹ̀ ṣì wà láyé nígbà tí wọ́n gbé ère ẹ̀ kalẹ̀ lọ́dún 1934. Wọ́n yọ́ ère yẹn nígbà ogun, wọ́n wá ṣe òmíì lọ́dún 1948, ìyẹn ló wà níbẹ̀ dòní.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ, òótọ́ ni pé àwọn tó ń ta ẹran sísun nítòsí ibẹ̀ máa ń fún un jẹ, wọ́n tiẹ̀ bá igi tí wọ́n fi ń gún ẹran, bí igi súyà tiwa, nínú ikùn ẹ̀ nígbà tó kú. Àmọ́ kí ìwé ìròyìn tó gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀ jáde lọ́dún 1932, lílé ni wọ́n máa ń lé e níbẹ̀, wọ́n ń lù ú, ó sì ń padà wá. Ẹran sísun wo ló ń jẹ nígbà yẹn? Mo gbà pé oúnjẹ ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Oúnjẹ náà ló bẹ̀rẹ̀ àárín àwa àti ìyá wa.

Ohun tó ń dùn mí nínú ìtàn yìí ni pé a mọ ti Jàpáánù, a ò mọ tàwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, wọ́n kú, kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan. Torí ẹ̀ ni mo fi fẹ́ sọ ti Ìyá Tíṣà.

* * *

Ìyá Tíṣà ti fẹ̀yìn tì nígbà témi mọ̀ wọ́n, ilé wọn ò jìnnà sí Ẹrẹ́jà. Ajá wọn dúdú kirikiri, ajá ìbílẹ̀ lásán-làsàn, ẹnì kan ló jù ú sílẹ̀ nínú páálí lẹ́bàá ọjà, Sùúrù ni wọ́n sọ ọ́. Gílákómà ń bá ìyá jà. Dókítà ti sọ fún wọn pé ojú tó ti lọ ò ní padà, èyí tó kù nìkan ni wọ́n lè fi oògùn dì mú fúngbà díẹ̀.

Ìyá ò jókòó sunkún. Nígbà tí wọ́n ṣì ń ríran díẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mú Sùúrù rìn láti ilé dé ṣọ́ọ̀ṣì, láràárọ̀, lápá òsì wọn, okùn kúkúrú lọ́wọ́. Ẹ mọ bí gọ́tà ìlú wa ṣe rí, ibòmíì wọ́n bò ó, ibòmíì ó là sílẹ̀ gbayawu. Tí wọ́n bá ti dé etí gọ́tà, ìyá á dúró, á ní “Ó tó.” Wọ́n á dúró pa. Á tún ní “Ó yá,” wọ́n á gba orí pákó kọjá. Gọ́tà kejì, “Ó tó.” Bẹ́ẹ̀ ni, títí dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ọmọ kéékèèké máa ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, wọ́n á máa fi ṣeré, “Ó tó, ó yá, ó tó, ó yá,” ìyá ò ní dá wọn lóhùn. Àwọn èèyàn ń sọ pé orí ìyá ti ń dàrú, ìyá ń bájá rojọ́.

Ó pẹ́ díẹ̀, wọ́n wá rí i pé Sùúrù ti ń dúró kí ìyá tó sọ nǹkan kan.

Ìgbà tójú fi lọ pátápátá, ìyá ò ṣíwọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ti rìn lẹ́yìn wọn rí láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀. Tí Sùúrù bá dé etí gọ́tà, á fẹ̀gbẹ́ dí ìyá lẹ́sẹ̀, á dúró gbọin, ìyá á na ọ̀pá síwájú, á fi kan pákó, á ní “O ṣé. Ó yá.” Èékánná ajá á máa dún lórí pákó ko ko ko, ibi tó bá ti ń dún ni ìyá ń gbé ẹsẹ̀ sí. Ọ̀kadà kan sáré kọjá níwájú wọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá ìyá láṣọ, ajá yẹn ò gbó, kò fò, ó kàn tẹra mọ́ ẹsẹ̀ ìyá títí tó fi kọjá.

Wọ́n máa ń kọ́ ajá tó ń mú afọ́jú rìn níléèwé lókè òkun, owó ńlá ni wọ́n ń ná lé e. Ìyá Tíṣà ò rí iléèwé kankan, ó ṣe é fúnra ẹ̀ pẹ̀lú ajá inú páálí. Nígbà tẹ́ ẹ bá ní ajá ìbílẹ̀ ò lọ́pọlọ, ìyá yẹn lẹ́ ẹ̀ ń bú.

* * *

Ẹnì kan bèèrè pé ṣé kì í ṣe àwa náà là ń fajá bọ Ògún, kí la tún ń sọ nípa ìfẹ́ ajá. Ìbéèrè gidi ni, mi ò ní yẹ̀ ẹ́. Ajá ni Ògún ń jẹ, tẹ́ ẹ bá dé Ilé-Ifẹ̀ nígbà Ọlọ́jọ́, ẹ ó rí i pé Òkè Mògún ò fi pamọ́ fún yín. Àmọ́ bàbá ọdẹ tí mo sọ yẹn, tí ọdún Ògún ẹ̀ bá kù dẹ̀dẹ̀, ọjà ló ti ń ra ajá tó fẹ́ fi bọ ọ́. Ẹnì kan bá a ṣàwàdà lójú mi pé kó ṣáà fi Tanímọ̀la ṣe é kó dín owó kù, bàbá ò rẹ́rìn-ín, ó ní èmi ò lè fi ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ bọ irin tí mo fi ń ṣiṣẹ́. Tẹ́ni náà bá tún wá sílé wọn, bàbá kì í bá a jókòó pẹ́ mọ́.

Àwọn ará wa tó jẹ́ Mùsùlùmí náà, ẹ má kàn sọ pé wọn ò fẹ́ ajá. Kùránì orí 5 ẹsẹ 4 fàyè gba ẹran tí ajá tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ ọdẹ bá mú, nínú Súrátùl Káfì ẹ̀wẹ̀, ajá wà lẹ́nu ihò pẹ̀lú àwọn tó sùn, ó na ẹsẹ̀ iwájú ẹ̀ méjèèjì. Àáfà kan wà ládùúgbò wa, géètì lajá wọn ń gbé, ó mọ ibi tó gbọ́dọ̀ dé, kì í ré kọjá àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, bó ti wù kí òjò rọ̀ tó. Ajá tó mọ ààlà bẹ́ẹ̀, ẹnì kan ló fi sùúrù fi hàn án.

* * *

Ibi tínú ń bí mi dé nìyí o. Ẹni tó ní kẹ́ ẹ máa fi ata sí oúnjẹ ajá, kẹ́ ẹ fún un ní ẹ̀tù ìbọn àti ogógóró, kẹ́ ẹ sì tì í mọ́ inú òkùnkùn lójúmọmọ “kó lè burú”, ẹ jọ̀ọ́ ẹ yọ ìyẹn kúrò. Kí lẹ fẹ́ fi ajá burúkú ṣe? Ata á jó o nínú, ọtí á bà á lẹ́dọ̀ jẹ́, òkùnkùn á sọ ọ́ di ẹni tó ń bẹ̀rù gbogbo nǹkan, ajá tẹ́rù bá sì bà ni kì í yan ẹni tó máa bù jẹ. Ọmọ yín ló máa kọ́kọ́ kàn. Tanímọ̀la ò burú, síbẹ̀ kò sólè tó wọ agboolé yẹn. Ó ń gbó fẹ́ni tí ò mọ̀, bàbá á ní “Mo ti rí i,” ó dákẹ́. Gbígbó tó ṣeé dá dúró lẹ ń wá, òun ló ń jẹ́ ká mọ̀ pé ajá ń ṣọ́lé.

Ká tiẹ̀ sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ nígbà tá a ti débẹ̀. Dìgbòlugi kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà, tó bá ti hàn lára èèyàn, ikú ló sábà máa ń já sí. Bẹ́ẹ̀ látọdún 1885 ni Pasteur ti gún èèyàn àkọ́kọ́ tó fi là á. Ẹ gún ajá yín tó bá ti pé oṣù mẹ́ta, ẹ máa tún un gún bí dókítà ẹran bá ṣe ní kẹ́ ẹ ṣe é, ó sábà máa ń jẹ́ lọ́dọọdún. Tájá èyíkéyìí bá bu èèyàn jẹ, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn, kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́ fún bí ìṣẹ́jú 15, lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì gba ọsibítù lọ lọ́jọ́ náà fún abẹ́rẹ́. Ẹ má fi epo pupa sí i, ẹ má gé irun ajá lé e, ẹ má ní ẹ fẹ́ wo bó ṣe máa rí lọ́la.

* * *

Ìbílẹ̀ àbí òyìnbó? Ẹ ti fa èyí gùn jù, àmọ́ mo máa dá sí i torí Rex.

Ṣẹ́pádì yẹn, ọmọ iṣẹ́ ni. Lọ́dún 1899 ni Max von Stephanitz bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ àwọn tó ń sìn ín ní Jámánì, ajá tó ń da àgùntàn ló fẹ́, èyí táá máa wo ojú olówó ẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀ láti mọ ohun tó fẹ́. Irú ajá bẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹ bá tì í mọ́ kéèjì láìfún un níṣẹ́, á wá iṣẹ́ fúnra ẹ̀, á sì wá ẹni tó ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Ta ló níṣẹ́ lọ́wọ́ nílé yín lóru? Mẹ́gáàdì. Ìdí tí Rex fi lọ sọ́dọ̀ ẹ̀ nìyẹn, ìwà tí wọ́n torí ẹ̀ bí i ló ń hù.

Tìbílẹ̀ náà ní tiẹ̀. Ó ti mọ ooru wa, ó ti mọ eégbọn wa, kì í fi bẹ́ẹ̀ náni lówó. Àmọ́ ó máa ń dá inú rò, kì í ṣe gbogbo ìgbà ló máa fẹ́ bèèrè lọ́wọ́ yín, ẹ ní láti jẹ́ kó rí èrè tiẹ̀ níbẹ̀. Àwọn tó wá ń kó ajá òyìnbó tí wọ́n ń pè ní Caucasian, onírun jìgàn, wá sínú oòrùn yìí, ẹ ṣàánú. Ajá kì í làágùn bíi tiwa, ahọ́n tó ń yọ tó ń mí hẹlẹhẹlẹ yẹn ló fi ń tu ara ẹ̀. Ẹ fún un ní ibòji, ẹ fún un lómi, ẹ má ṣe ṣe kéèjì onípáànù tí oòrùn ọ̀sán ń wọ̀.

* * *

Ẹni tó bèèrè ti padà dé. Ó ní òun ti ń fọwọ́ ara òun fún Rex lóúnjẹ, àwọn ti jọ ń rìn láàárọ̀, ó sì ti ń yíjú tóun bá pè é. Àmọ́ mẹ́gáàdì ní òun ń padà sílé tóṣù yìí bá parí, ajá sì ń tẹ̀ lé e kiri, ṣé kóun ní kó tètè máa lọ kájá lè gbàgbé ẹ̀ kíákíá?

Rárá o, àbúrò. Ìwọ nìyẹn máa pa lára. Àwọn ọjọ́ tó kù yìí ni kẹ́ ẹ jọ máa rìn, ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Jẹ́ kí mẹ́gáàdì di okùn mú lónìí, kó gbé e lé ẹ lọ́wọ́ ní àárín ọ̀nà lọ́la, kí Rex rí i pé òun ló fà á lé ẹ lọ́wọ́. Ní kó kọ́ ẹ bó ṣe ń súfèé yẹn, bó ṣe ń ṣe é gan-an, má dá tìẹ sílẹ̀. Bèèrè ọ̀rọ̀ tó ń sọ fún un lóru tí wọ́n bá gbọ́ ìró lẹ́yìn fẹ́ǹsì, bèèrè ibi tó fẹ́ kí wọ́n máa họ fún un. Tó bá lọ tán, Rex lè má fẹ́ jẹun dáadáa lọ́jọ́ àkọ́kọ́, má fi ẹran mìíràn tàn án, má sì bínú sí i, gbé abọ́ yẹn kúrò kó o tún gbé e padà nígbà oúnjẹ míì. Tí ò bá fẹ́ mu omi ni kó o tètè pe dókítà ẹran. Gba nọ́ńbà fóònù mẹ́gáàdì, tó bá ní òun fẹ́ wá wò ó lọ́dún, jẹ́ kó wá.

Tó o bá sì ń san owó oṣù ìkẹyìn ẹ̀, fi owó tó jọjú lé e, kó o sọ fún un pé ti Rex ni. Ẹni tó ń kọ́ ajá jẹun ò ní gba kékeré lọ́wọ́ ẹ fún iṣẹ́ tọ́kùnrin yẹn ti ṣe sílẹ̀ fún ẹ.